Ohun Tí Fàsílátù Bá Lábẹ́ Tábìlì Ọ̀gá

Fàsílátù kì í ṣe ẹni tí nǹkan tètè máa ń rí lára. Iṣẹ́ tó ń ṣe kò gbà á láyè. Láti ọdún mẹ́jọ tó ti kúrò ní Ìwó wá gba yàrá kan ní Mowe, tó ń tún kọ̀ǹpútà àti nẹ́tíwọ̀kì ṣe káàkiri ojú títì márosẹ̀ yẹn, ó ti fi ọwọ́ fa òkú alángbá yọ nínú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rí, ó sì ti gbọn aáyán tí kò níye dànù nínú kọ̀ǹpútà ilé epo kan. Bó bá ti délé, á fi ọṣẹ fọ ọwọ́, á kírun, á jókòó ti ẹ̀bà rẹ̀, ó parí. Àmọ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan wà tó ti Ibafo dé, tó fọ ọwọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, tó gbé oúnjẹ kalẹ̀, tó wá ń wò ó bí ẹni ń wo ohun tí ajá bì.

Ilé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan ló lọ lọ́jọ́ náà. Ọ̀gbẹ́ni Ìyàndá ló ni ín, ó sì fi ọ̀dà funfun kùn ún láti òkè délẹ̀, ó kọ ọ́ sára ògiri gàdàgbà pé ìmọ́tótó ló ṣáájú ìlera. Bí wọ́n bá gba ẹ̀jẹ̀ lára aláìsàn níwájú, àwọn tó wà lẹ́yìn á yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n á tẹ èsì rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, èsì náà á sì yọ lójú ẹsẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà. Kọ̀ǹpútà ńlá kan tó wà nínú yàrá ọ̀gá ló so gbogbo wọn pọ̀. Ó ti tó oṣù méjì tí nẹ́tíwọ̀kì náà ti ń fà. Èsì tó yẹ kó dé kí èèyàn tó ṣẹ́jú, á máa yí, á máa yí, bí ẹni ń lọ ata lórí ọlọ tó ti dán.

"Àǹtí ẹ̀rọ, ẹ kú ìrìn o," ni Ọ̀gá Ìyàndá wí nígbà tó wọlé. Ọkùnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún ni, ikùn rẹ̀ ti ṣáájú rẹ̀ lọ. "Mo ti lé ẹni tó ń ba nẹ́tíwọ̀kì jẹ́ lọ, síbẹ̀ kò yá. Ó ní láti jẹ́ pé ó ti kó nǹkan burúkú sínú ẹ̀ kó tó lọ. Ẹ bá mi wá a jáde."

"Ta ni, sà?"

"Ìyá Delight. Obìnrin tó máa ń jókòó síbí yìí." Ó na ìka sí àga kan lẹ́yìn gíláàsì. "Fíìmù ló ń fi nẹ́tíwọ̀kì wa wò. Àwọn èèyàn ń kú lọ síta, òun ń wo fíìmù!"

Fàsílátù rántí obìnrin náà dáadáa. Ọ̀ṣuntóyìn lorúkọ rẹ̀, ó ti kọjá ogójì ọdún, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Lọ́jọ́ tí Fàsílátù wá fa wáyà síbẹ̀ lọ́dún tó kọjá, òun nìkan ló dìde di àkàbà mú fún un. Kò dà bí ẹni tó ń wo fíìmù lẹ́nu iṣẹ́. Àmọ́ Fàsílátù kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà obìnrin náà, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Kò rí fíìmù kankan níbẹ̀. Kò rí kòkòrò tó ń ba ètò kọ̀ǹpútà jẹ́, kò rí ohunkóhun tí ẹnikẹ́ni kó wọlé. Orúkọ àwọn aláìsàn ló kún inú rẹ̀, tí wọ́n tò lẹ́sẹẹsẹ.

Hanifah, ọmọbìnrin tó ń gba ẹ̀jẹ̀, wá dúró tì í bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́. "Àǹtí, ṣé ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n fi ojú Ìyá Delight rí?" ló béèrè, ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹ̀fọn lọ.

"Mi ò gbọ́."

Hanifah bojú wẹ̀yìn, ó sọ ọ́. Ọjọ́ Ẹtì méjì sẹ́yìn, awakọ̀ kan tó ń jẹ́ Múdàṣírù gbé ọmọ rẹ̀ wá. Ràṣídì lorúkọ ọmọ náà, ọmọ ọdún mẹ́fà ni, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti funfun bí ẹ̀kọ. Dókítà ilé ìwòsàn tó rán wọn wá ní kí wọ́n tètè yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, kí òun lè mọ iye ẹ̀jẹ̀ tí òun máa fà sí i lára. Aago mẹ́sàn-án ni wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ náà. Kó tó di mẹ́wàá, èsì ti wà ní ẹ̀yìn. Aago kan kọjá, kò tíì dé iwájú. Ọ̀gá ti kìlọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ kọ èsì tàbí kó fi ẹnu sọ ọ́, kọ̀ǹpútà ni kí ó gbé e jáde. Ọmọ náà dákú lórí itan bàbá rẹ̀. Ọlọ́run ló ṣe é, wọ́n sáré gbé e dé ilé ìwòsàn, wọ́n sì rí ẹ̀jẹ̀ fà sí i.

"Bàbá ẹ̀ padà wá nírọ̀lẹ́, ojú ẹ̀ pọ́n. Ó ní ta ló fẹ́ pa ọmọ òun. Ni ọ̀gá bá jáde, wọ́n di Ìyá Delight léjìká mú, wọ́n ní, 'Ẹni tí ẹ máa bi nìyí.' Ọ̀gá tú báàgì Ìyá Delight, wọ́n mú fóònù wọn, wọ́n ṣí i lójú gbogbo wa. Kí ni wọ́n bá níbẹ̀? Ibi tí Delight ti ń jó ní ilé ìwé ẹ̀. Ọ̀gá ní, 'Ẹ ò rí fíìmù!' Ọ̀gá ní kí Ìyá Delight kúnlẹ̀."

"Ó kúnlẹ̀?"

"Wọ́n kúnlẹ̀, Àǹtí. Lójú àwọn aláìsàn. Ni bàbá ọmọ yẹn bá tutọ́ sí wọn. Ó bà wọ́n lẹ́rẹ̀kẹ́. Ọ̀gá dúró síbẹ̀, wọ́n ń wò ó."

Fàsílátù fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹ̀rẹ̀kẹ́ bí ẹni pé tirẹ̀ ni wọ́n tutọ́ sí. Ó kọjú sí iṣẹ́.

Ó ní kí kọ̀ǹpútà iwájú kí kọ̀ǹpútà ńlá nígbà ọgọ́rùn-ún. Mọ́kànlélógójì péré ló rí ìdáhùn gbà, ìyókù sọnù sójú ọ̀nà. Ó pààrọ̀ wáyà, kò yí padà. Ó yẹ súwíìṣì wò, ìyẹn àpótí kékeré tí gbogbo wáyà ti ń pàdé, kò ní àrùn kankan. Ó ní kí kọ̀ǹpútà iwájú kí ti ẹ̀yìn, wọ́n ń dá ara wọn lóhùn wàrà wàrà. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá kan kọ̀ǹpútà ńlá nìkan ni gbogbo nǹkan á di ìgbín.

"Sà, mo máa nílò láti wọ yàrá yín."

Ojú Ọ̀gá Ìyàndá yí padà. "Kí lẹ fẹ́ ṣe níbẹ̀? Ẹnikẹ́ni kì í wọ ibẹ̀. Ẹni tó ń gbálẹ̀ gan-an kì í wọ ibẹ̀."

"Ibẹ̀ ni àrùn náà wà, sà."

Ó fi ìlọ́ra yọ kọ́kọ́rọ́. Bó ṣe ṣílẹ̀kùn ni òórùn kan jáde wá kí wọn, òórùn ẹja tó ti kan, ti ìtọ̀, ti nǹkan mìíràn tó dùn gbàràgbàrà tó burú ju méjèèjì lọ. Ẹ̀rọ amúlétutù ń ṣiṣẹ́, ó wá mú kí òórùn náà tutù, kó lẹ̀ mọ́ imú. Fàsílátù fi etí híjáàbù rẹ̀ bo imú. Orí tábìlì mọ́ tónítóní. Abẹ́ rẹ̀ ni ìtàn wà. Páálí kan wà níbẹ̀ tí ọ̀gá máa ń na ẹsẹ̀ sí, inú rẹ̀ ló ń ju egungun sí bó bá ń jẹun. Egungun ẹja àti ti adìẹ kún un dé etí, mítípáì ààbọ̀ tó ti hu irun wà lórí wọn, ọ̀bẹ̀ sì ti sun láti inú rẹ̀ wá, ó ti gbẹ mọ́ ilẹ̀. Ìgbẹ́ eku fọ́n ká bí hóró ata ijọ̀sì. Ẹ̀gbẹ́ páálí yìí ni kọ̀ǹpútà tí ẹ̀mí àwọn èèyàn rọ̀ mọ́ dúró sí.

"Ẹ má wo ìyẹn," ni ọ̀gá wí. Igi ta eyín wà lẹ́nu rẹ̀. "Iṣẹ́ kì í jẹ́ kí n ráyè."

Fàsílátù kúnlẹ̀ nítorí kò sí bí ó ṣe lè dé ibẹ̀ láìkúnlẹ̀. Ó kọ́kọ́ yọ wáyà lára kọ̀ǹpútà náà, ó ki wáyà náà bọ láptọ́ọ̀pù tirẹ̀. Nẹ́tíwọ̀kì já geere. Ó dá a padà sára kọ̀ǹpútà ńlá, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́. Iná kékeré tó yẹ kó máa ṣẹ́jú láwọ̀ ewé lẹ́yìn rẹ̀ ń ṣẹ́jú láwọ̀ ọsàn, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ sùn lọ. Wáyà kọ́, súwíìṣì kọ́. Káàdì nẹ́tíwọ̀kì ni, ìyẹn pátákó pẹlẹbẹ tó jẹ́ pé òun ni ẹnu tí kọ̀ǹpútà fi ń bá àwọn ìyókù sọ̀rọ̀. Ó tú ìdè ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà náà, ó sì ṣí i.

Àwọn aáyán ló kọ́kọ́ sá jáde, ọ̀kan gba orí ọwọ́ rẹ̀ kọjá. Lẹ́yìn náà ló rí ìtẹ́. Eku ti gé ìwé wẹ́lẹwẹ̀lẹ, ó ti fi tẹ́ ibùsùn sínú kọ̀ǹpútà, ìwé èsì àyẹ̀wò sì ni ìwé náà, nítorí Fàsílátù ṣì ń rí ààbọ̀ orúkọ èèyàn lára àwọn kan. Nínú ìtẹ́ náà, ọmọ eku mẹ́rin pupa, aláìlójú, ń yí mọ́ra wọn. Ìsàlẹ̀ wọn gan-an ni káàdì wà. Ìtọ̀ ti rin ín, ó ti gbẹ, ó ti tún rin ín títí eyín irin rẹ̀ fi yọ ìpẹtà aláwọ̀ ewé, tó ṣù pọ̀ bí ìdọ̀tí ojú. Bó ṣe fà á yọ, omi ìtọ̀ tẹ̀lé e, ó kán sí i níka.

Fàsílátù nu ìka náà. Ó gbójú sókè, ó rí Ọ̀gá Ìyàndá tó ń fi igi wá ẹran nínú eyín, tó rí díẹ̀, tó wò ó, tó dá a padà sẹ́nu.

Káàdì tuntun wà nínú àpò Fàsílátù. Ó gbọn inú kọ̀ǹpútà náà mọ́, ó fi ọtí tí wọ́n fi ń fọ ẹ̀rọ nu ojú ihò rẹ̀, ó ki káàdì tuntun bọ̀ ọ́, ó tan án. Kò pẹ́ tí wọ́n fi gbọ́ igbe Hanifah níwájú: "Ó ti ń jáde! Gbogbo ẹ̀ ló ń jáde!" Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń pọ èsì jáde lọ́kọ̀ọ̀kan láìdúró.

"Ẹ ṣeun, Àǹtí ẹ̀rọ," ni ọ̀gá wí. "Ẹ wá bá mi kọ ìwé iṣẹ́ yín. Ẹ kọ ọ́ pé fíìmù tí òṣìṣẹ́ ń wò ló wọ káàdì náà lọ́rùn tó fi bàjẹ́. Mo fẹ́ fi sínú fáìlì."

"Sà, fíìmù kì í ba káàdì jẹ́. Ìtọ̀ eku ló jẹ ẹ́. Egungun yín ló sì pe eku wá."

"Ṣé o ń bú mi ni?" Ẹ̀yin ti kúrò lẹ́nu rẹ̀, ó ti di ìwọ.

"Mi ò bú yín, sà. Ìyá Delight kò mọwọ́ mẹsẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ó yẹ kí ẹ pè é."

Ọ̀gá Ìyàndá rẹ́rìn-ín, ó fi igi ta eyín tọ́ka sí i láyà. "Ta ló kọ́kọ́ sọ pé fíìmù ni? Ṣé èmi ni? Kí lèmi mọ̀ nípa nẹ́tíwọ̀kì? Ṣebí ìwọ lo sọ fún mi lórí fóònù! Àbí o ti gbàgbé?"

Fàsílátù rántí. Ó ti tó bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Ó wà ní Asese, ó ń jẹ àgbàdo sísun lẹ́bàá ọ̀nà, ọkùnrin yìí pè é pé nẹ́tíwọ̀kì ń fà. Fàsílátù kò bi í léèrè ohunkóhun. Kò fẹ́ kúrò nídìí àgbàdo. Ó ní, "Ẹ wo àárín àwọn òṣìṣẹ́ yín, sà. Ẹnì kan ló máa ń fi wo fíìmù. Ẹni tí fóònù kì í kúrò lọ́wọ́ ẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ mú." Ó rẹ́rìn-ín, ó pa fóònù, ó tún bu àgbàdo jẹ. Ọ̀rọ̀ yẹn kò gba ìṣẹ́jú kan lẹ́nu rẹ̀.

Ìríra tó ti ń ṣe é sí Ìyàndá láti àárọ̀ kò dín kù, ṣùgbọ́n ó pín sí méjì, ìdajì kejì sì wá dúró lé òun fúnra rẹ̀ lórí. Ó kọ ìwé iṣẹ́ rẹ̀ bí nǹkan ṣe rí: ìtẹ́ eku, ìtọ̀ eku, káàdì tó bàjẹ́. Lábẹ́ rẹ̀ ló kọ ọ́ sí pé òun Fàsílátù ṣì í sọ lórí fóònù, láìtíì wò ó. Ó fi sórí tábìlì. Ó wé òkú káàdì náà sínú ọ̀rá, ó gbé àpò rẹ̀.

"Má fẹsẹ̀ tẹ ibí yìí mọ́ láyé ẹ!" ni Ìyàndá ń wí tẹ̀lé e lẹ́yìn.

Ọjọ́ méjì ni oúnjẹ fi ń korò lẹ́nu rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta, ó gba àdírẹ́sì lọ́wọ́ Hanifah. Ìtìjú ti lé Ìyá Delight kúrò ní Ibafo, òun àti ọmọ rẹ̀ ti kó lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ifo. Ọkọ̀ mẹ́ta ni Fàsílátù wọ̀ kó tó dé ibẹ̀. Ó bá obìnrin náà lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń ṣa ẹ̀wà lórí atẹ. Ó ti rù.

Fàsílátù kúnlẹ̀, kò dìde nígbà tí wọ́n ní kó dìde. Orí ìkúnlẹ̀ náà ló ti ro ẹjọ́ rẹ̀ tán, ti eku, ti káàdì, ti àgbàdo ní Asese. Ìyá Delight kò dá ọwọ́ dúró. Ó ń yọ òkúta, ó ń jù ú sílẹ̀.

"Kí ló dé tí o fi sọ bẹ́ẹ̀ fún un?" ló béèrè níkẹyìn.

"Nítorí pé fíìmù ló máa ń sábà jẹ́, mà. Ó rọ̀ mí lọ́rùn láti sọ. Mi ò fẹ́ rìn wá."

"O ò fẹ́ rìn wá." Ó tún un sọ bí ẹni ń tọ́ nǹkan wò tí kò dùn. "Mo fọ ojú mi lọ́jọ́ náà títí awọ fi bó. Mo fi kànrìnkàn ha á. Bí mo bá sùn, mo ṣì máa ń gbọ́ òórùn itọ́ ọkùnrin yẹn. Ọmọ mi bi mí pé kí ni mo ń nù."

Fàsílátù kò mọ ohun tí yóò ṣe, ló bá tú ọ̀rá náà pé kó rí i. Òórùn gbòde. Ìyá Delight fi ọwọ́ bo imú, ó sún atẹ ẹ̀wà sẹ́yìn.

"Ẹ̀gbin yìí? Tìtorí ẹ̀gbin yìí ni mo ṣe kúnlẹ̀?" Ojú rẹ̀ kún fún omi, kò sì jẹ́ kó dà. "Dì í padà. Má gbé e wọ ilé ẹ̀gbọ́n mi. Gbọ́, lọ́jọ́ Sátidé mo ń bọ̀ wá kó ẹrù mi tó kù ní Ibafo. Bó bá dùn ọ́ lóòótọ́, wá pàdé mi ní gáréèjì àwọn awakọ̀ níbẹ̀. Ohun tí o sọ fún mi níkọ̀kọ̀ yìí, wá sọ ọ́ fún bàbá ọmọ yẹn. Níbi tí èèyàn wà."

Lọ́jọ́ Sátidé, oòrùn mú. Múdàṣírù jókòó láàárín àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀, ó ń retí èrò. Bó ṣe rí Ìyá Delight, ó gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó pòṣé. Fàsílátù kí wọn ní sàlámù, ó wá sọ ọ́ sókè kí ti ẹ̀yìn lè gbọ́.

"Bàbá Ràṣídì, èmi ni mo ń tún nẹ́tíwọ̀kì ṣe ní ilé àyẹ̀wò yẹn. Ìyá yìí kò wo fíìmù kankan. Eku ló bímọ sínú kọ̀ǹpútà tó wà lábẹ́ ibi tí ọ̀gá wọn ti ń jẹun, ìtọ̀ ẹ̀ ló jẹ káàdì, òun ni kò jẹ́ kí èsì ọmọ yín tètè jáde. Èmi ni mo kọ́kọ́ sọ pé fíìmù ni, mi ò sì tíì wo nǹkan kan nígbà tí mo sọ ọ́. Irọ́ ni. Wọ́n fi irọ́ mi kan ìyá yìí mọ́lẹ̀." Ó fi fọ́tò ìtẹ́ eku tó yà lọ́jọ́ tó tú kọ̀ǹpútà hàn wọ́n lórí fóònù. Ẹnì kan wò ó, ó pariwo "A'ùdhu billāhi!", ó sì tutọ́ sílẹ̀. Wọ́n ń gba fóònù náà lọ́wọ́ ara wọn.

Múdàṣírù wò ó pẹ́. Ó dìde, ó ṣí fìlà, ó wá dọ̀bálẹ̀ gbalaja síwájú Ìyá Delight, lórí ilẹ̀ tí epo ọkọ̀ ti sọ di dúdú. "Ẹ foríjì mí. Ọmọ mi ló ń kú lọ. Mi ò mọ̀."

Ìyá Delight wo ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ nílẹ̀.

"Ọmọ náà ńkọ́?"

"Ó ti ń lọ ilé kéwú padà."

"Ẹ dìde."

Àwọn awakọ̀ ní àwọn máa lọ bá Ìyàndá báyìí báyìí, pé àwọn máa fi egungun rẹ̀ bọ́ eku. Ìyá Delight ní kí wọ́n má lọ, òun kò fẹ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀. Wọn kò lọ. Ṣùgbọ́n ta ló lè pa ẹnu awakọ̀ dé? Kí ọ̀sẹ̀ tó yí, láti Ibafo títí dé Mowe ni wọ́n ti ń pe ibẹ̀ ní Ilé Eku, àga àwọn aláìsàn sì ń ṣófo. Ìyàndá fúnra rẹ̀ pe Ìyá Delight lórí fóònù. Ó ní ẹ̀rọ ló dàlẹ̀, pé wọ́n ti tún un ṣe, pé kó máa bọ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Kò sọ pé òun jẹ̀bi. Obìnrin náà gbọ́ ọ tán, ó pa fóònù. Ilé ìwé kan ní Ifo ti gbà á láti máa tọ́jú ìwé wọn.

Àmọ́ ní ọjọ́ Sátidé yẹn, Fàsílátù ló bá a ru àpò ẹrù dé ìdí ọkọ̀. Nígbà tí Ìyá Delight jókòó tán, Fàsílátù di ojú fèrèsé mú.

"Mà, ṣé ẹ ti dárí jì mí?"

Obìnrin náà wò ó. Kò sí ìbínú lójú rẹ̀, kò sì sí ẹ̀rín.

"Ó ṣì ń rí mi lára," ló wí. "Mi ò ní purọ́ fún ọ. Bó bá kúrò lára mi, mo máa pè ọ́."

Ọkọ̀ gbéra. Fàsílátù dúró níbẹ̀ títí kò fi rí ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́. Ó wá sọdá títì, ó wọ ọkọ̀ Mowe, níbi tí ẹnì kan ti ń retí rẹ̀ kó wá wo kọ̀ǹpútà.